Bí Mo Ṣe Yí Omi Ìdàáṣà Ká

Ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi fákáńsì lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi kọ èyí, nítorí èmi ò mọ̀wé. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má fi ti ilé-ìwé tún un ṣe.

Nínú òjò èṣí ni mo ṣubú lẹ́yìnkùlé mi ní Ìfànyìn níbí, tí ìbàdí mi yẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ìyá ẹni tó ń kọ̀wé yìí, wá gbé mi lọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìdàáṣà. Ó ń fi omi gbígbóná jó mi lẹ́sẹ̀ láràárọ̀ títí mo fi dìde. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa lọ sílé mi, ó kọ̀. Ta ni yóò gbé mi bí mo bá tún ṣubú? Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní:

"Ìyá, ṣé ẹ rí omi ìsàlẹ̀ òkè yẹn? Bí ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín yí i ká, tí ẹnikẹ́ni ò fà yín lọ́wọ́, màá mú yín relé."

Òkè ló yí omi náà ká, ó tẹ́ rẹrẹ bí àwo. Ọ̀nà etí rẹ̀ tẹ́jú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ ṣe pirọmináàdì níbẹ̀, ìyẹn ni kéèyàn máa rìn lásán.

Èmi àti ọmọ ọmọ mi la lọ. Òun ló gbé báàgì tí omi mímu àti iṣu sísè wà nínú rẹ̀. Ojú mi gbádùn: òkè dorí kodò nínú omi, lékeléke dúró lórí òjìji ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbádùn. Ó ń yẹ̀ síhìn-ín, ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún. Obìnrin kan tó ń fọṣọ létí omi wò mí títí.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

"Nǹkan kan ò sọnù."

"Kí lẹ wá ń wá kiri?"

Ṣé kí n ní èmi arúgbó ń rìn lásán ni? Ẹ̀rín ń pa ọmọ ọmọ mi.

"Orogún mi," mo ní, bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn, "gbé báàgì yẹn wá."

"Ìyá àgbà, pirọmináàdì la wá ṣe, a ò wá ná ọjà."

"Gbé e wá, jàre."

Mo ká ìborùn mi ní òṣùká, mo gbé báàgì lé e. Ọrùn mi nà, ẹ̀yìn mi tọ́, ẹsẹ̀ mi rántí ọ̀nà ọjà Ìgòlò. Láti ìgbà ọmọdé, mi ò rin ọ̀nà kan rí láìru gàrí tàbí epo. Ta ló kọ́ ẹsẹ̀ mi ní ìrìn òfìfo?

Níwájú, apẹja kan kí mi látinú ọkọ̀ rẹ̀: "Ìyá, ẹ kú ẹrù o." Ìkíni yẹn dùn mọ́ mi ju iṣu tí a jókòó jẹ lábẹ́ máńgòrò lọ.

Ọmọ mi ń dúró dè wá níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bó ti rí mi, ó fajú ro.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìyá mi lo di ẹrù rù?"

"Màmá, ẹ gbà á lórí wọn, kí ẹ wá wo ìrìn wọn."

Ó gbà á, mo sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó gbé e padà lé mi lórí, mo rìn ṣánṣán lọ, mo rìn ṣánṣán bọ̀. Ọmọ mi fọwọ́ tún báàgì náà ṣe lórí mi.

"Ìyá, ẹ lọ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Mo mú òkúta kan nídìí òkè kí a tó kúrò. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí kò ní irú rẹ̀. Láràárọ̀ báyìí ní Ìfànyìn, bí mo bá kírun tán, mo máa ń gbé e sínú abọ́, mo máa ń rù ú yí àdúgbò ká.

"Ẹ kú ẹrù, Ìyá. Kí lẹ ń tà?"

Mo máa ń ní ọjà mi kì í ṣe títà. Alihamudulilai, ilé mi ni mò ń lọ.