Ìwé Tí Mo Fi Ta Wọ́n Lọ́rẹ

Ìyá tó ni ilé ìwé kan ní Dópẹ̀mú ní kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìtàn mi tí wọ́n ń kà. Orí mi wú. Bí mo ṣe wọ kíláàsì, fọ́tòkọ́pì ni gbogbo wọn gbé dání. Mo ṣí ọ̀kan. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara mi ni mo bá lójú ewé àkọ́kọ́: "Ẹ̀bùn fún yín, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ka iṣẹ́ mi."

Ẹ̀dà tí mo fi ta ìyá yìí lọ́rẹ ni wọ́n lọ dà kọ fún odidi kíláàsì! Inú bí mi débi tí mo di fọ́tòkọ́pì náà mú gírígírí mọ́ àyà. Ìyá rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi: "Sà, tí èyí tuntun bá ti jáde, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹyọ kan ti tó wa."