Mẹ́fà Tó Di Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ n sọ ti Bàbá Nínú-Mẹ́wàá fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yí tiwọn ká, kó sì sọ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n para pọ̀ jagun lọ́la. Kì í ṣe aríran o! Ìwé ìròyìn ló ń kà, àti orúkọ àwọn ọ̀gágun tó lọ síbi ìsìnkú ẹbí ara wọn. Lẹ́yìn náà, á fi iye kan nínú mẹ́wàá sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó. Iṣẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lára débi pé bí ìyàwó ẹ̀ bá bi í bóyá òjò máa rọ̀, á ní, "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá." Ìyàwó á ní, "Aṣọ tó wà lórí okùn ò mọ ìṣirò o, bàbá." Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ náà wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n sì gbé e lọ sí afárá ẹnubodè. Orílẹ̀-èdè méjì ló wà lódìkejì afárá yẹn, ológbò àti eku ni wọ́n sì ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, Bàbá Nínú-Mẹ́wàá rí i pé àwọn méjèèjì ti ń ra ọta ìbọn oníwọ̀n kan náà. Ta ló ń ra ọta tó bá ìbọn ọ̀tá ẹ̀ mu, bí wọn ò bá ní jọ lò ó? Ó kọ mẹ́fà.

Ìgbà yẹn ló rántí ọmọ ẹ̀. Ó ní háà, wọ́n á ní torí ọmọ òun lòun ṣe ń pariwo. Olóòótọ́ èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣera ẹ̀! Ó fa igi lórí mẹ́fà, ó kọ mẹ́ta.

Lójú àwọn ọ̀gá, ohun tí ò bá ti tó márùn-ún, kò lè ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n kó ìdajì àwọn ṣọ́jà kúrò níbi afárá. Ọmọ ẹ̀ wà lára àwọn tó kù síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á jọ máa jagun; kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi sọdá afárá. Òkú ọmọ ni wọ́n gbé wálé.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ò ṣàṣìṣe. Mẹ́ta kì í ṣe òdo." Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n bú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ ń ká aṣọ ọmọ sínú àpótí. Ara ọkùnrin náà ò gbà á mọ́, ló bá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: ọta ìbọn, mẹ́fà, mẹ́ta. Obìnrin náà gbé síwẹ́tà ọmọ lé itan, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Bàbá ọmọ mi, ká ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà lórí afárá yẹn, mélòó ni ẹ̀ bá kọ?"

Ọkọ ẹ̀ ò mọ irọ́ pa.

"Mẹ́fà," ló sọ. "Ǹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Omijé ń dà lójú ìyàwó ẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú ọmọ tèmi?"