Tíṣà Ùwọ

Òórùn irú tó ń fẹ́ bọ̀ láti Ọjà Ọba ló máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi láràárọ̀, kí òórùn ṣọ́ọ̀kì tó dé. Títí dòní, bí irú bá ti ta sí mi nímú, ọkùnrin kan tó dójú tì mí nínú kíláàsì yẹn ni mo máa ń rántí. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í tètè gbàgbé nǹkan. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa ni ọkùnrin náà. Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, aṣọ rẹ̀ kì í rún, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti Iléṣà wá sí Òṣogbo nígbà náà ni. Ẹ̀kọ́ Bíbélì àti sífíìkì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ: ìwà, ìtọ́jú ara àti ọkàn, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Ìwàrà lẹ́bàá Iléṣà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, nínú oko kòkó. Nílé tiwa, a kì í pe àgbà kan ṣoṣo ní ẹ̀yin. Ùwọ ni mo ń pe ìyá àgbà, ìyẹn ni pé "ìwọ", kò sì sẹ́ni tó kà á sí àrífín. Mo ti kọ́ "ẹ̀yin" nílé ìwé, mo sì ń lò ó dáadáa. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà mí lójijì, ti ilé ni ẹnu mi máa ń sá lọ bá.

Wò ó, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀wọ̀ gan-an ni mo ń kọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà! Mo kọjú sí pátákó, ẹnìkan sì fi igi gbá tábìlì lẹ́yìn mi, gbàù! Mo fò sókè. "Háà, ùwọ kẹ̀!" ló jáde lẹ́nu mi. Igbákejì ọ̀gá ni.

Ó wo àwọn ọmọ, ó wò mí. "Ẹ gbọ́ ará oko! Ẹni tí kò mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ ló ń kọ́ yín lọ́wọ̀? Tíṣà Ùwọ!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí bí ẹni tí aṣọ já bọ́ lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹ̀rín ló rín jáde.

Bí orúkọ mi ṣe yí padà nìyẹn. Bí mo bá ní kí wọ́n má jí ìwé wò nínú ìdánwò, ẹ̀rín. Bí mo bá bá ẹnikẹ́ni wí, wọ́n á ní Tíṣà Ùwọ tún ti dé. Tíṣà tó ń kọ́ni níwà, tí kò níyì mọ́, kí ló fẹ́ fi kọ́ni? Mo lọ bá ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ má gbọ́ Yorùbá?" Mo ní ó dáa. Mo fi sínú. Odindi ọdún méjì ni mo fi sínú, mo ń kí i, mo ń bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọ̀gá àgbà. Àwọn ínsípẹ́kítọ̀ ní láti kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n máa fi pinnu. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wọn wá sí kíláàsì mi, torí pé ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí dùn létí àlejò. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì ló ṣáájú wọn. N kò kọ́ ọmọ kankan ní ohun tó máa sọ, kò tiẹ̀ gbà mí ní wàhálà rárá. Mo kàn ní, "Ẹ dìde, ẹ kí àlejò wa, kí ẹ sì sọ orúkọ tíṣà yín fún wọn."

"Tíṣà Ùwọ!" Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá náà bọ́ gíláàsì. "Ta ló sọ tíṣà yín lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́ sí igbákejì ọ̀gá, kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. "Àwọn ni, mà. Wọ́n ní ará oko ni tíṣà wa."

Áà, ọ̀rẹ́ mi, ká ní o rí ojú ọkùnrin yẹn! Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Ìyá náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ, ó ń kọ. Ó dùn mọ́ mi dénú egungun.

Ẹlòmíì ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá. Igbákejì ọ̀gá wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn, pé eré ni mo ń bá yín ṣe." Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Ùwọ ni kó o lọ kọ ọ́." Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí lọ́tẹ̀ yìí.

Nípò igbákejì náà ló ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Mo gbọ́, n kò lọ kí i.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Tí a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ ìdáríjì ní táàmù kọ̀ọ̀kan, mónítọ̀ ni mo máa ń ní kó kà á sókè fún wọn. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan dìde. "Mà, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ yín?" Mo ní kó jókòó, kó máa kọ nóòtì rẹ̀. Mo ti gbẹ̀san, ẹ̀kọ́ kan sì ti wà tí n kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lónìí, màá tún un ṣe.