Wọ́n Ní Agbára Ni Mo Lọ Gbà ní Íńdíà

Wọ́n bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn mi nítorí pé mo lọ gbafẹ́ ní Íńdíà.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ṣe é ti yí i sí oríṣiríṣi ọ̀nà láti ìgbà náà. Wọ́n ní èmi ni mo fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ní kí n lọ sinmi fúngbà díẹ̀. Irọ́ kejì. Wọ́n ní mo ṣe àfojúdi sí àgbà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ti pinnu tán ni mo ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn kò sì lè jẹ́ ìdí ohun tó ṣáájú. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Ó yẹ kí n mọ èyí tó ṣáájú èyí.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ló fà mí lé ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́wọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ bí mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo lọ sí yunifásítì, mo padà, mo di olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣàgámù, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ ó bá mi láàárín àwọn olóhùn òkè. N kò lọ́kọ, n kò bímọ. Bí àlejò bá béèrè ọmọ tí ìyá mi bí, ìjókòó akọrin ló máa ń nàka sí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé aṣọ lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kò mọ ohun tí aṣọ ń ṣe lára ènìyàn.

Ní àkókò náà, àwọn ológun kò tíì gbé ìjọba fún alágbádá, náírà wa sì ṣì ń rìn gàgàrà láàárín owó ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn olùkọ́ ará Íńdíà pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tábìlì rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ayé, ìlú àtijọ́ wo lo tíì fojú rí?"

"Ṣàgámù," mo ní. "Ìbídò, Òfin, Màkún, gbogbo wọn ló sá fún ogun wá sójú kan, oníkálukú gbé ọba tirẹ̀ wá. Ìlú tó wà nínú ìlú. Ṣé ẹ ní irú rẹ̀?"

"A ní i. Wá wò ó."

Ó ń lọ ilé fún ìsinmi ìparí ọdún, mo sì bá a lọ. Mo gba àyè lọ́wọ́ olórí akọrin kí n tó lọ, torí Kérésìmesì máa bá mi lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tó sọ rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, torí ó sẹ́ ẹ lẹ́yìn náà: "Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re. Ẹ má gbàgbé wa o, ẹ mú nǹkan Íńdíà bọ̀ fún wa."

Òtútù Délì, olú ìlú wọn! Ọyẹ́ wa kò tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, mo ń rìn lábẹ́ odi ààfin pupa kan tó ga dé ibi tí ọrùn á fi máa dun ènìyàn. Nínú ìlú àtijọ́ náà, oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òpópónà tirẹ̀: ti alágbẹ̀dẹ fàdákà, ti oníwèé, ti aláta. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta, mo sín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn tó ń ru àpò kọjá sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ata bá ti ń ta ènìyàn nímú, kì í ṣe òkèèrè mọ́.

Láti ibẹ̀ a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ágírà, níbi tí ọba ayé àtijọ́ kan ti fi òkúta funfun kọ́lé lé sàréè ìyàwó rẹ̀. A bọ́ bàtà. Òkúta náà tutù lẹ́sẹ̀ bí ìdí àmù. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sára ògiri, wọ́n fi òkúta aláwọ̀ dí ojú gbígbẹ́ náà débi pé ọwọ́ kò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Mo dúró síbẹ̀ títí ọ̀rẹ́ mi fi ní, "Ó ti tó. Lọ fẹ́ ọba tìrẹ nílé, kó kọ́ irú rẹ̀ fún ọ."

"Ọba tiwa? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ́ ọ kárí àwọn olorì, òkúta á tán láyé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ ibẹ̀ fi wá bá wa wí.

Ní ìlú Jáípọ̀, gbogbo ojú ilé ló ní àwọ̀ inú gúáfà. Ilé kan wà níbẹ̀ tó kún fún fèrèsé pẹ́pẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn ayaba ti máa ń yọjú wo ìgboro láì jẹ́ kí ìgboro rí wọn. Lẹ́yìn náà, arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà fi làálì ya òdòdó sí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo, ó ní. Làálì ni mo wí. Èyí tí àwọn obìnrin Háúsá ní Sábó ní Ṣàgámù ń lé ní gbogbo ọdún iléyá, tí a jọ ń rí lọ́jà.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ wá ń ro mí, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Góà, létí òkun. N kò wọ òkun rí. Àwa ará Rẹ́mọ mọ odò, a mọ omi tí a ń pọn. Ta ní ń lọ fi òkun ṣeré? Ọjọ́ kìíní, mo dúró síbi tí ìgbì òkun ti ń lá mi lẹ́sẹ̀, mo di igi àgbọn mú bí ẹni pé yóò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, mo wọ̀ ọ́ dé orúnkún, mo wọ̀ ọ́ dé ìbàdí. Mo ń pariwo. Bí mo bá jáde, mo máa ń na ara sórí ẹní, mo jẹ ẹja díndín pẹ̀lú ìrẹsì, mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Mo ṣa ìkarahun sínú áńkáṣíìfù mi bí ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ìgbà náà nìkan ni n kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo gbádùn rẹ̀. N kò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni, ó funfun, agogo rẹ̀ ń dún wọ inú òkun, àwọn ará Íńdíà sì kún un dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ Kérésìmesì wọn bí tiwa. Ohùn orin tí wọ́n kọ, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìkan ni n kò gbọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, mo kọ ọ́.

Mo padà dé ní oṣù kìíní. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, àbúrò kan tí a jọ máa ń jókòó láàárín àwọn olóhùn òkè rí ọwọ́ mi bí mo ṣe ṣí ìwé orin. Làálì náà ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tọwọ́ bọ̀?"

"Làálì ni."

"Ẹ̀yin? Ṣé ẹ ti gba ọkọ sí Sábó ni?"

A fi ìwé orin bo ẹnu, a rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, làálì ti di ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ìwé náà ti di èdìdì, èdìdì ti di májẹ̀mú. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Íńdíà tí àwọn ènìyàn wa mọ̀, ti sinimá ni, níbi tí obìnrin ti ń di ejò. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi ń kọ̀wé sí Íńdíà láti ra òrùka tí yóò jẹ́ kí wọ́n yege láì kàwé. Ẹni tó bá lọ Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ kàwé tàbí ó lọ najú. Ẹni tó bá lọ Íńdíà, a kì í lọ Íńdíà lásán. Obìnrin tí kò lọ́kọ ló wá lọ, ó fi Kérésìmesì sílẹ̀, ó sì tún wọ òkun. Ohun gbogbo bá ara mu lójú wọn: agbára òkùnkùn ni mo lọ gbà.

Wọ́n pè mí sí yàrá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Bàbá Ìjọ ló wà ní ipò alága, olórí akọrin wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àlùfáà wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tí mo mú bọ̀ dání. Mo kó wọn lọ: àpótí òkúta funfun kékeré kan láti Ágírà, abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ọ̀kín, àti ìkarahun mi.

"Ọmọ mi," Bàbá Ìjọ ní, "kò sẹ́ni tó fẹ́ dójú tì ọ́. Kí lo lọ ṣe ní Íńdíà?"

"Mo lọ gbafẹ́ ni, sà."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, sà."

"Ìjọba ló rán ọ lọ?"

"Rárá, sà. Mo lọ wo ìlú àtijọ́, mo sì lọ sinmi létí òkun."

Olórí akọrin pòṣé. "Ẹ gbọ́, sà? Ènìyàn á fi owó ara rẹ̀ wọ bàálù, kó lọ sùn sórí yanrìn. Yanrìn Ìpẹ̀rú ò tó o."

Bàbá Ìjọ fi ìdí kálámù ti ìkarahun mi lọ sẹ́yìn. "Owó ẹyọ rèé."

"Ìkarahun ni, sà. Etí òkun ni mo ti ṣà á."

"Lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọrin níbí, níbo lo wà?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Níbẹ̀, ní Íńdíà."

Bàbá Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀ṣì ní Íńdíà! Àlùfáà, ẹ bá mi gbọ́ o."

Mo wo àlùfáà. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, ó sì mọ̀ dájú pé ìgbàgbọ́ ti wà ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó gba Rẹ́mọ kọjá. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu rẹ̀ ì bá tú gbogbo rẹ̀ ká. Àjà ilé ló ń wò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí mi, èyí ni n kò tíì gbé mì.

Bàbá Ìjọ wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ mi. N óò jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Wọn yóò sun àwọn nǹkan náà. Wọn yóò gbààwẹ̀ lé mi lórí, lẹ́yìn náà ni n óò tó gba aṣọ mi padà. Mo wá ní:

"Sà, nígbà tí ẹ ti Jerúsálẹ́mù dé, ẹ gbé omi Jọ́dánì bọ̀ nínú ìgò. Ẹ wọ́n ọn sí wa lórí, èmi náà tẹrí ba. Ta ló bi yín pé agbára wo lẹ lọ gbà?"

Olórí akọrin fò dìde. "Ẹnu ẹ ti gbó!"

"Ó gbó, sà. Ẹ̀yin lẹ fi orin gbó o." Mo kó ẹrù mi, mo jáde.

Nílé, ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá mi dúró. "Fún wọn ní abẹ̀bẹ̀ náà, kí wọ́n sun ún," ó ní. "Abẹ̀bẹ̀ ni. Kí ọ̀rọ̀ tán."

"Màmá, bí mo bá fún wọn, mo ti gbà pé mo jẹ̀bi nìyẹn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó múra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó sì fa abẹ̀bẹ̀ ọ̀kín náà yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ń fẹ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù, tí wọ́n fi orúkọ mi ṣe, títí dé òpin. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sún kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó wò wọ́n. "Ooru ò mú yín ni?" ó ní, sókè ketekete. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú, òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì tó gba ènìyàn márùn-ún.

Nígbà tó kú, ọdún ti gorí ọdún, alágbádá ti wá, wọ́n ti lọ, àwọn ológun ti padà. Mo lọ bá olórí akọrin. N kò bẹ̀bẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn: kí wọ́n jẹ́ kí n wọ aṣọ mi lọ́jọ́ kan péré, kí n bá ẹgbẹ́ kọrin lórí òkú obìnrin tó fà mí lé wọn lọ́wọ́.

"Ìjẹ́wọ́ ni àkọ́kọ́," ó ní. Bí ẹni ń ta ọjà.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá mi, mo wọ aṣọ dúdú. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo kọ ohùn òkè láti àárín ìjọ, n kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn akọrin gbọ́ mi, wọ́n ń wo ara wọn, apá kan nínú wọn ń tẹ̀lé mi. Mo kọ ọ́ títí ó fi parí.

Àlùfáà yẹn ti lọ sí ìjọ mìíràn, wọ́n sì ti gbé e ga. Bàbá Ìjọ ń bẹ láàyè, olórí akọrin sì ń bẹ níbi tó wà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń bá wí. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé agbára ni mo lọ gbà, ẹ̀rí wo ló sì mú wá? Òfin ìjọ wo ló ka ìrìn àjò léèwọ̀, ta ló sì ṣe é? Olórí akọrin, ẹ fún mi láyè àbí ẹ ò fún mi? Àlùfáà, kí nìdí tí ẹ fi dákẹ́, nígbà tí ẹ mọ òtítọ́? Ta ló sì fún yín láṣẹ láti fi òkú ìyá mi ṣe ìdógò ìjẹ́wọ́ mi? Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi nílé, ẹ má pè mí sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Níwájú ìjọ ni ẹ ti fi orúkọ mi ṣe ìwàásù. Ẹ dìde síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ dá mi lóhùn.