Ìlànà Olúwa àti Ọ̀nà Oko

Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lórí, kò sí ohun mìíràn tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Tíṣà ni ní Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dún tí mo ń pọn àkọ́bí wa, wọ́n ní kó wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí ìlànà Olúwa, ni wàhálà bá wọlé wa.

"Kí ló dé tí wọn kò pè é ní òfin nìkan?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń lọ ata lọ́wọ́. "Ibo ni ìlànà ti wá?"

"Ìlànà ni ìlànà, Tíṣà. Ẹ bá mi gbé ọmọ."

Kò gbé e. "Ìyá mi ń pè é ní ùlànà, bó ṣe ń pe ilé ní ulé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni!"

Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ilé ń yẹ ọ̀nà oko, kálukú pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Mo pọ́n àdá, mo gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olórí ẹgbẹ́ ọkọ mi, àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà náà, kígbe láti ìta: "Tíṣà, ṣé ẹ wà n'úlé?"

"Mò ń bọ̀!" Kò dìde nídìí Bíbélì. Nígbà tí ẹgbẹ́ dé ojú ọ̀nà, tí wọ́n rí i pé igbó ni ìpín tiwa ṣì jẹ́, wọ́n wá fa ewúrẹ́ mi lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí kò bá jáde nìyẹn.

Inú bí mi. Mo pọn ọmọ, mo mú àdá, mo lọ ń ṣán igbó fúnra mi. Oòrùn ti mú kí ọkọ mi tó sáré dé.

"Mo ti rí i! Inú 'là ọ̀nà' ni ìlànà ti wá! Ọlọ́run ló la ọ̀nà fún wa ká má baà ṣìnà!"

Mo nà ró. "Ta ló ń la tiwa báyìí?"

Ó wò mí, ó wo igbó. Ó gba àdá, ó sì ṣán an títí ó fi parí. Ó gbé ẹmu lọ bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tú ewúrẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bó ṣe sọ pé "là ọ̀nà" lórí àga ìwàásù, olórí ẹgbẹ́ wúkọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín o. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti lé ròrò, n kò sì lè fọ aṣọ ọmọ.