Agolo Eléèédú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣà àwa mẹkáníìkì Ìkìrun ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ohunkóhun tí a bá bá lára ẹ́ńjìnnì tí a ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, a ó yọ ọ́ dànù. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn lẹ́yìn tí a yọ ọ́, a jẹ́ pé ẹrù lásán ni. A ó wá sọ fún ẹni tó ni ín pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn àṣejù, wọ́n kàn kó rọ́bà àti wáyà jọ kí iṣẹ́ lè le ni. Èmi gan-an ló ń sọ ọ́ jù. Mo lẹ́nu nígbà yẹn.

Bí mo ṣe yọ agolo dúdú kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Bàbá Tíṣà ń wà nìyẹn. Agolo náà ní ẹnu mẹ́ta lórí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wọ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára àwọn rọ́bà náà ti inú táǹkì epo wá. Mo fà á yọ, mo fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo ju agolo sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo sítáàtì ọkọ̀, ó dáhùn, mo nuwọ́.

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ìkìrun ni àwọn àti ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, ń gbé. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkúkù ni Màmá, ìyá tó bí wọn sì ṣì wà láyé níbẹ̀, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì á wọ píkọ́ọ̀pù, wọ́n á gba Inísà kọjá, wọ́n á lọ kí ìyá. Ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà á rí i pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà.

Kò pẹ́ tí mo yọ agolo náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òórùn pẹtiróòlù ń pa àwọn nínú ọkọ̀. Orí á máa fọ́ wọn, èébì á máa gbé wọn. Bàbá kò gbọ́ òórùn kankan. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí aáṣáà tí Bàbá ti ń fà símú láti ìgbà èwe ti ba imú wọn jẹ́. Bí ọbẹ̀ bá ń jóná níwájú wọn, wọn ò ní mọ̀. Síbẹ̀ Bàbá gbà pé imú Màmá ló ń tàn wọ́n. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá kí n wá dá ẹjọ́ náà. Mo yẹ táǹkì wò, mo yẹ páìpù àti kàbúrétọ̀ wò, epo kò jò níbì kankan. Mo na àyà, mo ní kò sí nǹkan kan. Màmá wojú mi. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Màmá ti ń dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkúkù.

Bàbá wá di ẹni tí ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi ní àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń wo ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kan, n kò bi wọ́n léèrè o, Bàbá ní:

“Ilé wa kún. Ọmọ, ọmọ-ọmọ, ará ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni èmi àti ìyáa wọn ti máa ń rí ara wa bá sọ̀rọ̀.”

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé Màmá á padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Nígbà tó yá, mo lọ ra ọjà ní Òṣogbo, mo bá mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi kan tó ń tún irú agolo yẹn ṣe. Ó tú rọ́bà rẹ̀, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń mì ín létí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló ń wá nínú ohun tí kò wúlò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èédú ló wà nínú ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn, epo inú táǹkì á máa di afẹ́fẹ́, èédú yẹn ló sì ń fa afẹ́fẹ́ náà mu kó má bàa tú síta. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, á fà á padà, á jó o. Ó ní bí èèyàn bá yọ ọ́ dànù, afẹ́fẹ́ epo á gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọ ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí. Imú Màmá kò tàn wọ́n rí.

Ó yẹ kí n lọ sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ló ń tì mí. Mo wá dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ńṣe ni mo ń fọwọ́ bojú. Agolo tí mo jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ti sọnù, ṣùgbọ́n ṣebí èédú náà ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀? Mo bu èédú tí ìyàwó mi fi ń dáná, mo gún un, mo dà á sínú agolo mílíìkì, mo lu agolo náà níhò, mo fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi béèrè bóyá mo fẹ́ fi mọ́tò sun àgbàdo ni.

Mo sọ fún Bàbá pé mo ti rí i ṣe. Bàbá bẹ Màmá títí, Màmá gbà, àwọn méjèèjì sì jáde ní Sátidé. Kí wọ́n tó la Inísà já, ẹ́ńjìnnì ti fa lẹ́búlẹ́bú èédú mu, kàbúrétọ̀ dí, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Òórùn epo náà ò sì kúrò. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n lọ. Awakọ̀ kan ló wá sọ fún mi. Nígbà tí mo fi máa gun ọ̀kadà débẹ̀, Bàbá nìkan ni mo bá, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì. Bàbá ní àwọn máa ta ọkọ̀ náà, pé kò sí ẹni tí àwọn fẹ́ fi gbé kiri mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Oṣù mẹ́ta péré ni tèmi lò. Ní Mọ́ńdè, mo padà sí Òṣogbo, mo ra agolo tòkunbọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán, mo mì ín bóyá èédú inú rẹ̀ ti fọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì gé rọ́bà tuntun dípò àwọn tó ti gbẹ. Nígbà tí Sátidé pé, mo gbé e lọ sílé wọn. Màmá ti múra láti lọ wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá dúró ti ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ tagolo-tagolo.

Mo ní, “Òótọ́ ni Màmá ń sọ. Òórùn wà níbẹ̀. Èmi ni mo yọ ohun tí ń gbà á dúró, mo sì tún ní kò sí nǹkan kan.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó sì tọ́ sí mi. Bàbá ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n kọjú sí Màmá, wọ́n ṣí fìlà. N kò tíì rí ọkùnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kó ṣí fìlà fún ìyàwó rẹ̀ rí.

“Má bínú,” ni Bàbá wí. “Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé imú rẹ ló ń tàn ọ́.”

Màmá gbé báàgì wọn sí ọwọ́ kejì. “Ṣé ẹ ti wá ń gbọ́ òórùn náà báyìí ni?”

“Mi ò gbọ́ òórùn kankan,” ni Bàbá wí. “Ìwọ ni mo gbọ́.”

Agolo ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn epo sì wà nínú ọkọ̀ bó ṣe wà. Màmá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Tètè dè é,” ni wọ́n wí. “Ìyá mi ń retí wa.”