Ohun Tí Fèrè Òyìnbó Ń Wí

Òórùn ọ̀dà ni mo fi mọ Festac. Nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún ńlá ti padà sí ìlú wọn, tí ìjọba ń pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bàbá mi rí fúláàtì kan gbà, àmọ́ ó ti rìnrìn àjò kí èmi àti màmá mi tó kó wọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń ta wá nímú, màmá mi ń dín àkàrà lórí sítóòfù, afẹ́fẹ́ àbàtà Amúwo sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bọ̀dá Fẹ́mi kan ilẹ̀kùn, ó fi páálí pẹlẹbẹ mélòó kan há abíyá.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi níbi iṣẹ́ ni Bọ̀dá Fẹ́mi. Ìlú Ọba ló ti ń bọ̀, níbi tí ìjọba rán bàbá mi lọ ṣe kọ́ọ̀sì ọdún kan. Ọdún kan náà ti pé, ó sì ti lé.

"Ìyàwó wa," ó ń rẹ́rìn-ín, "ọkọ yín ní kí n kó àwo orin wọ̀nyí fún yín. Ẹ má jẹ́ kí eku Festac jẹ wọ́n o, eku ibí ò mọ jáàsì!"

Màmá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kí ẹ sọ fún mi?"

Bọ̀dá Fẹ́mi wo bàtà ara rẹ̀. "Ó ní kí ẹ máa gbọ́ orin."

Òyìnbó kan náà, ọmọ Ìlú Ọba, ló wà lára gbogbo páálí àwo náà. Ó dijú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, ó di fèrè onírin ńlá kan mú tó tẹ̀ bí ìkọ́. Orin ìjọ àti jùjú nìkan ni rédíógíráàmù wa mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Kò sẹ́ni tó kọrin. Fèrè yẹn kọ́kọ́ kùn bí àgbàlagbà tó ń wá ọ̀rọ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Yorùbá sì ni wá. Ohun tó bá ti ní ohùn, a ó wá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí agogo iléèwé wa bá lù, àwa ọmọ a ní ó ń wí pé, "Pẹ́ kí o jẹgba!" Màmá mi a máa sọ pé, "Ohun tó wà nínú ẹni ni agogo ń wí." Mi ò bìkítà. Ibì kan wà tí fèrè náà máa ń padà sí ṣáá, bó ti dé ibẹ̀, mo fò sókè.

"Màmá, ẹ gbọ́! Ó ní, 'Mò ń bọ̀ wálé!'"

Màmá mi dúró, epo ń kán sílẹ̀ lára síbí ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Mo gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti tiléèwé dé, yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ìdí rédíógíráàmù ni mò ń gbà lọ. Bí a bá dé ọjà, tí Àlhájà tó ń ta wàrà àti ṣúgà fún wa bá bèèrè pé, "Màmá Rónkẹ́, bàálé ńkọ́?", èmi ni mo máa ń dáhùn: "Wọ́n ń bọ̀ wálé!" Màmá mi a di ọwọ́ mi mú gírí. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá Fẹ́mi tún wá, ní ọ̀sán Sátidé kan. Kò dá àpárá kankan. Ó ní bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún, ìyàwó náà ti bímọ, bàbá mi sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ má retí rẹ̀ mọ́."

Mo sáré jáde láti yàrá. "Irọ́ lẹ ń pa! Ẹ dúró, ẹ máa gbọ́ ohun tí bàbá mi wí fúnra wọn!" Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ọmọ tó bá pe àgbà ní òpùrọ́ nílé wa, ìgbátí ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Màmá mi kò gbá mi. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Ó dúró títí fèrè fi dé ibi tí mo mọ̀, ó wá gbé abẹ́rẹ́ kúrò jẹ́jẹ́.

"Rónkẹ́, 'Kò ní bọ̀ wálé' ló ń wí. Láti òwúrọ̀ àkàrà yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ fi ẹnu yín pè é wò. Mò ń bọ̀ wálé. Kò ní bọ̀ wálé. Ohùn kan náà ni. Òyìnbó tó fun fèrè kò mọ ìkankan nínú méjèèjì, ó kàn ń fun tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, mo ti gbé àwo yẹn sí i títí, n kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ mọ́.

Màmá mi ló san owó fúláàtì náà tán fún ìjọba, inú rẹ̀ ló kú sí, inú rẹ̀ ni mo ṣì wà. Ọ̀dà ti ṣí tán, ilé ti bo àbàtà títí dé apá Trade Fair. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo lọ kàwé ní Kánádà, ó parí ìwé, kò sì dé. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó máa ń pè mí. "Mọ́mì, mò ń bọ̀ wálé."

Ọmọdébìnrin ìgbà náà ìbá ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ọjà. Èmi a di fóònù mú gírí. Nẹ́tíwọ̀kì a gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn nìkan ní í kù sí mi létí: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, òkè.

"Ó dáa," ni mo máa ń wí. "Mo gbọ́."